23% ti òkòwò kéékèèké: bí iléeṣẹ́ ìjọba bá ti dé e, ṣé wọ́n lè ti ilẹ̀kùn?

Agbaṣẹ́ṣe Baltimore

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Iṣẹ́ ìmọ́tótó ọ́fíìsì kan fẹ́ jáde láìpẹ́ lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà. Ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn, iléeṣẹ́ kéékèèké nìkan ni wọ́n yà á sọ́tọ̀ fún. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n ní ńlá àti kékeré ni yóò jọ du ú, torí pé àwọn ti kọjá àfojúsùn àwọn fún ọdún yìí, ìyẹn ìpín owó kọ́ńtíráàtì tó yẹ kó lọ sọ́dọ̀ òkòwò kéékèèké. Ṣé òfin gbà bẹ́ẹ̀? Ta ló ń fi nọ́ńbà yẹn lélẹ̀ gan-an? Kí ló sì dé tí iléeṣẹ́ kan fi ń fún òkòwò kéékèèké ní ìdajì owó rẹ̀, tí òmíràn ò fún wọn ju bí 10% lọ, tí àwọn méjèèjì ṣì ń gba máàkì A? Lójú tèmi, ojú ayé lásán ni 23% yìí.

---

Akọ̀wé Tẹ́ńdà

Òfin ò gbà bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Abala 15(g) nínú òfin òkòwò kéékèèké ló fi nọ́ńbà náà lélẹ̀. Ó ní kí àfojúsùn gbogbo ìjọba àpapọ̀ má dín ní 23% owó kọ́ńtíráàtì ọdún kan. Ó ní kó má dín, kò ní kó má lé. 20% ni tẹ́lẹ̀, ọdún 1997 ni wọ́n sún un sókè. Àwọn ẹ̀ka inú rẹ̀ náà ní tiwọn: 5% fún iléeṣẹ́ tí obìnrin ni, 5% fún àwọn tí àwùjọ ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ tí owó ò sì sí lọ́wọ́ wọn, 3% fún àwọn tó fìdí kalẹ̀ sí HUBZone, ìyẹn àwọn àdúgbò tí iṣẹ́ ti wọ́n, àti 5% fún ológun tó fara gbọgbẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. 3% ni ti ológun títí òfin ètò ààbò ti ọdún ìnáwó 2024 fi sọ ọ́ di 5%.

Ṣùgbọ́n ohun méjì ni ọ̀gá tó sọ bẹ́ẹ̀ fún yín lọ́ pọ̀ mọ́ra wọn. Àfojúsùn jẹ́ ti gbogbo iléeṣẹ́ náà fún odindi ọdún. Ìyàsọ́tọ̀ jẹ́ ti iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí iṣẹ́ kan bá fẹ́ jáde, ìbéèrè tí òṣìṣẹ́ tó ń fọwọ́ sí kọ́ńtíráàtì gbọ́dọ̀ bi ara rẹ̀ ni pé: ṣé mo lè retí pé iléeṣẹ́ kéékèèké méjì, ó kéré tán, tí wọ́n kúnjú òṣùwọ̀n, yóò díje ní iye tó bá ti ọjà mu? Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kó yà á sọ́tọ̀. Òfin Ẹni Méjì ni à ń pè é. Kò síbi tó ti ní kó kọ́kọ́ yẹ̀wò bóyá iléeṣẹ́ òun ti dé àfojúsùn. Kódà, ìwé òfin ìrajà ìjọba, FAR, to àwọn àwáwí tí kò tó láti fi kọ ìyàsọ́tọ̀ lẹ́sẹẹsẹ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀kan nínú wọn sì ni pé "òkòwò kéékèèké ti ń rí ìpín tó tọ́ gbà lọ́wọ́ wa."

Ẹ há ẹjọ́ Kingdomware ti June 2016 sórí. VA, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń tọ́jú àwọn ológun tó ti fẹ̀yìn tì, sọ níwájú ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ pé tìtorí kí àwọn lè dé àfojúsùn ni òfin 2006 ṣe ní kí àwọn ya iṣẹ́ sọ́tọ̀ fún iléeṣẹ́ àwọn ológun, pé bí àwọn bá ti dé e, ó ku ohun tó bá wu àwọn. Adájọ́ mẹ́jọ ló dá ẹjọ́ náà, ohùn àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ sì ṣọ̀kan: dandan ni, yálà wọ́n dé àfojúsùn tàbí wọn ò dé e.

---

Ọmọ Ìbàdàn Texas

Ẹ̀gbọ́n Baltimore, ẹ má gbé Kingdomware lọ bá ọ̀gá yẹn o. Wọ́n á rẹ́rìn-ín yín. VA nìkan ni òfin 2006 yẹn dè. Àwọn iléeṣẹ́ yòókù ní ọ̀nà àbáyọ: òfin 2010 lórí iṣẹ́ àti òkòwò kéékèèké ní wọ́n *lè* ya iṣẹ́ sọ́tọ̀ bí wọ́n bá ń ra á lábẹ́ kọ́ńtíráàtì ńlá tí ọ̀pọ̀ agbaṣẹ́ṣe jọ wà lórí ẹ̀. "Lè" ni, kì í ṣe "gbọ́dọ̀".

Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni bí wọ́n ṣe fẹ́ ra á. Ṣé kọ́ńtíráàtì tuntun tí wọ́n máa gbé sórí SAM.gov, ojú òpó tẹ́ńdà ìjọba, fún gbogbo ènìyàn ni, àbí wọ́n fẹ́ fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ lábẹ́ àtòjọ àwọn agbaṣẹ́ṣe tí GSA, iléeṣẹ́ tó ń bá àwọn iléeṣẹ́ ìjọba yòókù ṣètò ìrajà, ti bá ṣàdéhùn sílẹ̀? Bó bá jẹ́ tàkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ Akọ̀wé dúró. Bó bá jẹ́ ti ẹ̀yìn, agídí ni ẹ máa fi jà, ẹ ò ní òfin lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ tún mọ̀ pé láti April 2025 tí àṣẹ ààrẹ ti jáde ni wọ́n ti ń tún FAR kọ látòkèdélẹ̀. Ìwé tí ẹ tẹ̀ jáde ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn lè má jẹ́ èyí tí ọ̀gá yẹn ń lò. Ẹ ní kó sọ ẹ̀dà tó ń lò fún yín kí ẹ tó tọ́ka sí ìlà kankan.

Lórí pé ojú ayé lásán ni 23%, mo fara mọ́ yín díẹ̀. Ní ọdún ìnáwó 2013 ni ìjọba dé 23% fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárín ọdún mẹ́jọ. Láti ìgbà yẹn ni nọ́ńbà ti ń gòkè, ó dé 28.4% ní 2023, owó rẹ̀ sì jẹ́ bílíọ̀nù $178.6. Àmọ́ ní December 2021, ilé iṣẹ́ ààrẹ fúnra rẹ̀ sọ pé iye iléeṣẹ́ kéékèèké tó ń bá ìjọba ṣiṣẹ́ ti fi nǹkan bí 40% dín láàárín ọdún mẹ́wàá. Owó ń pọ̀, àwọn tó ń jẹ ẹ́ ń dín. Bí wọ́n ṣe ń kó ohun tí ìjọba ń rà jọ sínú kọ́ńtíráàtì ńláńlá díẹ̀ wà lára ohun tó fà á. Àfojúsùn tó ń ka dọ́là nìkan kì í rí irú àìsàn yẹn.

---

Akọ̀wé Tẹ́ńdà

Mo gbà fún ọ lórí iṣẹ́ abẹ́ kọ́ńtíráàtì ńlá, àbúrò. Àmọ́ ìdènà méjì ṣì wà tí o fò.

Bí wọ́n bá so iṣẹ́ ìmọ́tótó yẹn pọ̀ mọ́ òmíràn, ká ní ti títún ọgbà ṣe, ti kíkó ìdọ̀tí àti ti ilé mẹ́ta mìíràn, tí àpapọ̀ rẹ̀ sì ju mílíọ̀nù $2 lọ, àkójọpọ̀ lòfin ń pè é. Ọ̀gá àgbà lórí ìrajà ní iléeṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé pé àwọn ti wádìí ọjà, pé àwọn wo ọ̀nà mìíràn tí àkójọpọ̀ rẹ̀ kéré sí èyí, àti pé èrè rẹ̀ ju ìpalára rẹ̀ lọ. Ẹ béèrè ìwé náà. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni kò sí.

Ìkejì: bó bá jẹ́ abẹ́ ètò 8(a), ètò fún iléeṣẹ́ àwọn tí àwùjọ ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ tí owó ò sì sí lọ́wọ́ wọn, ni iṣẹ́ náà wà tẹ́lẹ̀, wọn ò lè ṣàdédé yọ ọ́ kúrò níbẹ̀. SBA, àjọ tó ń mójú tó òkòwò kéékèèké, ló gbọ́dọ̀ yọ̀ǹda rẹ̀ lákọsílẹ̀.

---

Oníṣirò

Ẹ jẹ́ kí n dá ẹ̀gbọ́n lóhùn lórí ẹni tó ń fi nọ́ńbà lélẹ̀, torí ibẹ̀ ni àṣìṣe ti pọ̀ jù.

Òfin kò fún iléeṣẹ́ kankan ní 23%. Gbogbo ìjọba lápapọ̀ ló fún. Kí ọdún ìnáwó tó bẹ̀rẹ̀ ní October 1, iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan máa gbé iye tó rò pé òun lè ṣe wá fún SBA. SBA á wo ohun tó ṣe láwọn ọdún tó kọjá àti irú ohun tó ń rà, wọ́n á sì dúnàádúrà. Bí ẹnu wọn ò bá kò, OFPP, ọ́fíìsì tó ń ṣètò ìlànà ìrajà lábẹ́ ọ́fíìsì ètò ìṣúná ààrẹ, ló máa dá a. Iṣẹ́ SBA ni kó rí i pé tí wọ́n bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó tó 23%. Ètò ìdúnàádúrà yìí ti wà láti òfin 1978, òfin yẹn náà ló dá OSDBU sílẹ̀, ọ́fíìsì òkòwò kéékèèké tó wà nínú iléeṣẹ́ ìjọba kọ̀ọ̀kan.

Ẹ wo ìṣirò rẹ̀, àpẹẹrẹ lásán ni o. Iléeṣẹ́ mẹ́ta ló wà. Àkọ́kọ́ ń ná bílíọ̀nù $60, àfojúsùn rẹ̀ 10%. Ìkejì ń ná bílíọ̀nù $30, 35%. Ìkẹta ń ná bílíọ̀nù $10, 60%. Ohun tó bọ́ sọ́wọ́ òkòwò kéékèèké jẹ́ 6, 10.5 àti 6, àpapọ̀ bílíọ̀nù $22.5 nínú $100. Kò tó. Bí SBA bá gbé ti ìkẹta láti 60% sí 65%, bílíọ̀nù ìdajì péré ló rí, ó fi dé 23% géérégé. Bó bá gbé ti àkọ́kọ́ láti 10% sí 11%, mílíọ̀nù $600 ló rí. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé iléeṣẹ́ ètò ààbò, tó ń ná ju ìdajì gbogbo owó kọ́ńtíráàtì ìjọba lọ, ni gbogbo ìdúnàádúrà máa ń rọ̀ mọ́. Bí ti wọn bá yẹ̀ díẹ̀, gbogbo ìjọba ló kùnà.

Ìdí kan náà ló mú kí iléeṣẹ́ tó ń fún yín ní 10% gba A. Máàkì tí SBA ń fún iléeṣẹ́ ìjọba lọ́dọọdún kì í bi wọ́n pé èló ni ẹ fún òkòwò kéékèèké. Ohun tó ń bi wọ́n ni pé ẹ ṣe tó ohun tí ẹ ṣèlérí àbí ẹ ò ṣe tó o. 100% sí 119% àfojúsùn tiwọn ni A, 120% sókè ni A+, 90% sí 99% ni B, bó sì bá wálẹ̀ kọjá 70%, F ni. Ẹni tó ṣèlérí 10% tó ṣe 10.5% gba A. Ẹni tó ṣèlérí 60% tó ṣe 55% gba B. Ẹ wo iléeṣẹ́ agbára, DOE: nǹkan bí 90% owó rẹ̀ ló ń gba ọwọ́ àwọn tó ń bá a darí àwọn ilé ìwádìí bíi Los Alamos, Sandia àti Oak Ridge. Kò sí iléeṣẹ́ kékeré tó lè darí Los Alamos. Láti 2014, òfin gbà á láàyè kó ka iṣẹ́ tí àwọn adarí yẹn bá gbé fún òkòwò kéékèèké tààrà mọ́ tiẹ̀. Ẹ lè pè é ní ojúsàájú bó bá wù yín. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fún un ní 23% lọ́dọọdún, á kàn máa gba F lọ́dọọdún ni, kò sì ní tìtorí ẹ̀ ra ìgbálẹ̀ kan kún un.

---

Ìyá Ìmọ́tótó Houston

Oníṣirò, ẹ ò tíì sọ nípa ìsàlẹ̀ ìdá yẹn. 23% *nínú kí ni*? Kì í ṣe nínú gbogbo owó. Wọ́n kọ́kọ́ ń yọ àwọn kan kúrò: ohun tí òfin ní dandan kí wọ́n rà lọ́wọ́ iléeṣẹ́ inú ọgbà ẹ̀wọ̀n ìjọba àpapọ̀ àti lọ́wọ́ AbilityOne tó ń gba àwọn afọ́jú àti aláàbọ̀ ara síṣẹ́, ohun tí wọ́n fi owó orílẹ̀-èdè mìíràn rà fún un, àti owó àwọn iléeṣẹ́ tí FAR ò dè. Bí iléeṣẹ́ kan bá ná bílíọ̀nù kan, tí wọ́n yọ mílíọ̀nù $200, tí òkòwò kéékèèké sì gba $160 mílíọ̀nù, 20% ni wọ́n máa kọ síwèé. 16% ni nínú gbogbo owó.

Káàdì ìrajà náà ńkọ́? Títí September 2025, ohun tí kò bá tó $10,000 kì í sábà wọ FPDS, àkójọ tí wọ́n fi ń ka gbogbo rẹ̀. $15,000 ló ti dà láti October 1, 2025. Ẹni tó ń ta ọṣẹ $3,000 fún wọn lóṣooṣù kì í ṣe nǹkan kan lójú ìṣirò yìí. Iṣẹ́ tó wà láàárín iye yẹn àti $350,000, tó jẹ́ $250,000 tẹ́lẹ̀, ni wọ́n fi sílẹ̀ fún òkòwò kéékèèké bí ìgbà tí à ń fi àkùkọ sílẹ̀ fún olórí ilé, àyàfi bí wọn ò bá retí ẹni méjì.

---

Oníṣirò

Ìyá, òótọ́ lẹ sọ. Ẹ jẹ́ kí n fi mẹ́ta kún un, torí àwọn ni wọ́n máa ń mú kí nọ́ńbà yẹ̀ ní September.

Owó tí wọ́n fi sílẹ̀ fún iṣẹ́ lọ́dún náà ni wọ́n ń kà, kì í ṣe iye tí kọ́ńtíráàtì jẹ́. Kọ́ńtíráàtì mílíọ̀nù $10 fún ọdún márùn-ún, tí wọ́n fi mílíọ̀nù $2 síbẹ̀ lọ́dún yìí, mílíọ̀nù $2 ló jẹ́. Bí wọ́n bá sì gba owó tó ṣẹ́kù padà lórí kọ́ńtíráàtì àtijọ́ tó wà lọ́wọ́ iléeṣẹ́ kékeré, ó ń yọ nínú ti ọdún yìí. Iléeṣẹ́ tó fẹ́ palẹ̀ ìwé àtijọ́ mọ́ ní ìparí ọdún lè rí i pé òun ṣubú láti 24% sí 22%, kò sì jẹ ẹnikẹ́ni níyà.

Kọ́ńtíráàtì kan lè kà ní ọ̀pọ̀ ibi. Bí obìnrin ológun tó fara gbọgbẹ́ bá ní iléeṣẹ́ ní HUBZone, mílíọ̀nù kan tó gbà wọ òkòwò kéékèèké, wọ ti obìnrin, wọ ti ológun, wọ ti HUBZone. Nítorí náà ẹ má ro 5, 5, 5 àti 3 pọ̀ kí ẹ wá ní 18 nínú 23 ni, tó ku 5 fún àwa yòókù. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ìwé ẹ̀rí. Tẹ́lẹ̀, ẹnu ara ẹni ni ológun fi ń sọ pé òun ni òun ni iléeṣẹ́. Láti òpin 2024, tí SBA kò bá fún un ní ìwé ẹ̀rí, iléeṣẹ́ ìjọba ò lè ka kọ́ńtíráàtì náà mọ́ àfojúsùn ti ológun. Ti obìnrin ti yí padà ní October 2020: láìsí ìwé ẹ̀rí, kò sí ìyàsọ́tọ̀.

---

Àlejò Atlanta

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀ yín. Green card ni mo ní, mi ò tíì di ọmọ ilẹ̀. Ṣé mo lè wọ inú 23% yìí?

---

Akọ̀wé Tẹ́ńdà

Ẹ lè wọ inú 23% gbogbogbòò. Ohun tí òfin ń wò ni pé iléeṣẹ́ náà wà fún èrè, ó ní ibùdó ní Amẹ́ríkà, ó ń san owó orí tàbí ó ń lo òṣìṣẹ́ àti ọjà ibẹ̀, òun nìkan ló sì ń darí ara ẹ̀. Wọn ò bi yín ní ìwé ìrìnnà. 8(a), ti obìnrin àti HUBZone ló ń bèèrè pé kí olóhun jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ti HUBZone, ó kéré tán 51% lọ́wọ́ ọmọ ilẹ̀. Ọ̀pọ̀ ará wa ló máa ń sáré lọ kọ ìwé 8(a) lọ́dún tí wọ́n dé, tí wọ́n fi ọdún kan ṣòfò.

Ẹ kọ́kọ́ wo bí ẹ ṣe kéré tó ná. Iye rẹ̀ yàtọ̀ láti iṣẹ́ sí iṣẹ́ lórí NAICS, nọ́ńbà tí ìjọba fi ń dá oríṣi iṣẹ́ mọ̀: ìmọ́tótó ilé, 561720, mílíọ̀nù $22, ètò kọ̀ǹpútà, 541512, mílíọ̀nù $34, ilé ọ́fíìsì kíkọ́, 236220, mílíọ̀nù $45. Ìpíndọ́gba owó tó wọlé ní ọdún márùn-ún ni, kì í ṣe èrè. Bí ẹ bá ní iléeṣẹ́ kejì, tàbí tí ìyàwó yín bá ní tiẹ̀ nínú iṣẹ́ kan náà, wọ́n lè ro méjèèjì pọ̀.

---

Ọmọ Ìbàdàn Texas

Ti HUBZone gan-an ni kí Àlejò ronú sí bó bá di ọmọ ilẹ̀ tán, torí ibẹ̀ ni ebi ti ń pa wọ́n. 3% ni, títí dé ọdún ìnáwó 2023, ìjọba lápapọ̀ kò dé e rí. Ti obìnrin tí wọ́n fi lélẹ̀ ní 1994 kò dé 5% títí 2015. Ìdí tí HUBZone fi ṣòro ni pé 35% òṣìṣẹ́ yín gbọ́dọ̀ máa gbé ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀, ọ́fíìsì yín gangan náà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ẹ bá ní òṣìṣẹ́ ogún, méje ni kó gbé níbẹ̀. Bí ẹnì kan bá kó lọ tàbí tí wọ́n tún máàpù yà, ìwé ẹ̀rí yín bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Òfin tuntun ti 2019 dẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí iléeṣẹ́ ìjọba kan bá wà ní 1.8% nínú 3% ní July, ẹni tó ní ìwé HUBZone lọ́wọ́ ni wọ́n máa fi tẹlifóònù wá.

---

Ìyá Ìmọ́tótó Houston

Àti pé ẹ má gbàgbé àwọn agbaṣẹ́ṣe ńlá tó ń gba orúkọ yín lọ. Kọ́ńtíráàtì tó ju $900,000 lọ, tàbí mílíọ̀nù $2 bó bá jẹ́ ilé kíkọ́, iléeṣẹ́ ńlá gbọ́dọ̀ kọ ètò bí yóò ṣe pín iṣẹ́ fún òkòwò kéékèèké. Ṣáájú October 2025, $750,000 àti mílíọ̀nù $1.5 ni. Wọ́n á kọ 35%, wọ́n á fi orúkọ yín síbẹ̀ láti fi gba iṣẹ́, tí wọ́n bá gbà á tán, ẹ ò ní gbúròó wọn mọ́.

---

Akọ̀wé Tẹ́ńdà

Ìyá, ìwọ̀nba oògùn wà fún ìyẹn. Bí wọ́n bá fi iye tàbí iṣẹ́ yín kọ tẹ́ńdà, tí wọn ò wá lò yín, wọ́n gbọ́dọ̀ ṣàlàyé fún ọ̀gá kọ́ńtíráàtì lákọsílẹ̀. Bí wọ́n bá sì dín owó yín kù, tàbí tí owó yín pẹ́ ju 30 ọjọ́ lọ lẹ́yìn ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n san án, nígbà tí ìjọba ti san fún wọn, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ ọ́ pẹ̀lú. Ẹ fi gbogbo ìmeèlì pamọ́.

Ẹ sì mọ̀ pé ìdá tí wọ́n kọ yẹn kì í ṣe nínú gbogbo kọ́ńtíráàtì. Nínú iṣẹ́ tí wọ́n bá gbé jáde ni. 35% nínú mílíọ̀nù $4 tí wọ́n pín jáde lára kọ́ńtíráàtì mílíọ̀nù $20 jẹ́ mílíọ̀nù $1.4 péré.

---

Ọmọ Ìbàdàn Texas

Owó ìjìyà tó wà fún ẹni tó kùnà ètò yẹn, ta ló rí i kí wọ́n gbà á rí? "Ìsapá tòótọ́" ni òfin bèèrè. Gbogbo ènìyàn ló ń sapá lórí ìwé. Bó bá jẹ́ èmi, máàkì tí wọ́n ń fún iléeṣẹ́ ìjọba ni mo máa tún tò: 50% rẹ̀ jẹ́ ti kọ́ńtíráàtì tààrà, 20% ti iṣẹ́ abẹ́, 20% ti bí ọ́fíìsì OSDBU ṣe ń ṣe dáadáa, 10% péré ti iye iléeṣẹ́ kéékèèké tí wọ́n bá ṣiṣẹ́. Kí wọ́n fi 10% yẹn di 30%. Ẹ máa rí i bí wọ́n ṣe máa wá yín.

---

Oníṣirò

Mi ò fara mọ́ ọn. Bí o bá ka orí, wọ́n á pín kọ́ńtíráàtì mílíọ̀nù kan sí ogún ọ̀nà $50,000, olúkúlùkù á gba èyí tí kò tó san owó òṣìṣẹ́ rẹ̀. Nínú iṣẹ́ ìmọ́tótó pàápàá, owó oṣù ló kó ọ̀pọ̀ iye náà, ìjọba ló sì ń fi owó oṣù yẹn lélẹ̀. Ẹni tó bá gba $50,000 kò lè gba òṣìṣẹ́ méjì fún ọdún kan.

---

Agbaṣẹ́ṣe Baltimore

Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ti rí i kà. Mo padà lọ wò ó: kọ́ńtíráàtì tuntun ni, kì í ṣe abẹ́ GSA. Wọ́n gbé àkíyèsí ìwádìí ọjà jáde lórí SAM.gov fún ọjọ́ mẹ́wàá. Mi ò dáhùn, mo rò pé ìgbà tí tẹ́ńdà bá jáde ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ṣé ó ti bọ́?

---

Akọ̀wé Tẹ́ńdà

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Ẹni bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá dáhùn àkíyèsí yẹn, ọ̀gá kọ́ńtíráàtì ní ẹ̀rí lọ́wọ́ pé kò retí ẹni méjì. Kò nílò láti sọ ọ̀rọ̀ àfojúsùn rárá, ó kàn fẹnu sọ ọ́ ni.

Ẹ kọ sí i lónìí, kódà kí ọjọ́ ti kọjá, níwọ̀n ìgbà tí tẹ́ńdà ò tíì jáde. Ojú ìwé mẹ́ta tó. Ẹ kọ nọ́ńbà àkíyèsí náà, 561720 àti ìpíndọ́gba owó ọdún márùn-ún yín. Ẹ kọ iṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta tó jọ ọ́: iye ẹsẹ̀ bàtà ilé tí ẹ ń gbá, iye òṣìṣẹ́, owó rẹ̀ lọ́dún, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tó parí. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣàlàyé bí ẹ ṣe máa pa òfin ìpín mọ́: nínú iṣẹ́ tó jẹ́ ti ìyàsọ́tọ̀, ẹ ò gbọdọ̀ san ju 50% owó tí ìjọba san fún yín lọ fún agbaṣẹ́ṣe abẹ́ tí kì í ṣe irú yín. Èyí tó ń ba ìdáhùn jẹ́ jù ni pé àwọn ènìyàn ń fi ìwé ìpolówó ránṣẹ́, "a jẹ́ ògbóǹtarìgì", láìsí nọ́ńbà kan. Ọ̀gá náà ò lè fi ìyẹn gbèjà ara ẹ̀ níwájú agbẹjọ́rò iléeṣẹ́.

Ẹ wá ẹnìkan mìíràn. Òfin Ẹni Méjì ni, kì í ṣe Ẹni Kan. Ẹ pe iléeṣẹ́ kékeré mìíràn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, kó kọ tiẹ̀. Abánidíje yín ni, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n láìsí i ẹ ò ní ìyàsọ́tọ̀ láti bá a dù.

---

Oníṣirò

Kí ẹ sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí OSDBU iléeṣẹ́ náà àti sí aṣojú SBA tó ń mójú tó ìrajà wọn. Aṣojú yẹn lè tako ọ̀gá kọ́ńtíráàtì, kó sì gbé e dé ọ̀dọ̀ olórí iléeṣẹ́.

Ẹ wádìí ẹni tó wà lórí iṣẹ́ náà lọ́wọ́ pẹ̀lú, USAspending.gov á sọ fún yín. Ọdún márùn-ún ti pé. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé kékeré ni nígbà tó gbà á, tó ti wá kọjá mílíọ̀nù $22. Ẹni tó kéré lọ́jọ́ tó fi tẹ́ńdà sílẹ̀ ń kéré lọ títí lórí kọ́ńtíráàtì yẹn, àyàfi bí wọ́n bá rà á, tàbí bó bá di ọdún karùn-ún tí wọ́n ní kó tún fọwọ́ sí i. Bí wọ́n bá tún yà á sọ́tọ̀, kò ní lè díje mọ́. Iléeṣẹ́ ìjọba tó fẹ́ràn ẹni tó wà níbẹ̀ á wá ọ̀nà ṣí ilẹ̀kùn fún un, "a ti dé àfojúsùn" sì dùn-ún gbọ́ létí ju "a ò fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀" lọ.

---

Ọmọ Ìbàdàn Texas

Bí gbogbo ìyẹn bá kùnà, GSA kọ́ lẹ máa lọ o, GAO ni, ọ́fíìsì ilé aṣòfin tó ń gbọ́ ìtakò lórí tẹ́ńdà ìjọba. Ẹ gbọ́dọ̀ fi ìwé ìtakò dé ọ̀dọ̀ wọn kí wákàtí tí wọ́n dá fún gbígba tẹ́ńdà tó kọjá. Ìṣẹ́jú kan lẹ́yìn ẹ̀, ó ti tán. Ọgọ́rùn-ún ọjọ́ ni GAO ní láti dá a.

---

Agbaṣẹ́ṣe Baltimore

Mo ti rí i lórí USAspending. Mílíọ̀nù $31 ló gbà lọ́dún tó kọjá lọ́wọ́ ìjọba nìkan.

---

Oníṣirò

Ọdún kan nìyẹn. Ẹ ro márààrún pọ̀, kí ẹ fi márùn-ún pín in, kí ẹ sì rántí pé owó tó ń wọlé fún un lẹ́yìn ti ìjọba ò sí níbẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ẹ kọ ìwé yẹn.